Sípíríǹgì Lábẹ́ Jíìpù Ọlọ́lá: Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀, Àfi Bí Wọ́n Bá Gé E

Ẹni tí ó bá ń gba òpópónà Ṣàngó-Ọ̀tà sí Ìdí-Ìrókò lóòrèkóòrè yóò ti rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì: jíìpù ńlá kan tí owó rẹ̀ tó kọ́lé nígbà tí ó wà ní tuntun, tí ó wá kúnlẹ̀ bí ràkúnmí tí wọ́n fẹ́ di ẹrù lé lẹ́yìn. Táyà rẹ̀ kò jò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún, kò sì sí ọkọ̀ kankan tí ó kọlù ú. Afẹ́fẹ́ tí ó gbé e dúró ni ó jò tán lóru. Range Rover tí wọ́n ṣe láàárín 1994 sí 2002 wà nínú wọn, Discovery wà nínú wọn, Lexus GX 470, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan máa ń wọlẹ̀, kò sì gbẹ́yìn. Ẹni tí ó ni ín yóò dúró tì í, yóò káwọ́ lẹ́yìn, mẹkáníìkì yóò sì sọ gbólóhùn tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin láàárín wọn: "Alàgbà, ẹ jẹ́ ká yọ gbogbo rọ́bà yìí dànù, ká fi sípíríǹgì gidi sí i, kí ẹ lè sinmi."

Lórí gbólóhùn yìí ni àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ó bá yọ àpò afẹ́fẹ́ kúrò lábẹ́ Range Rover ti ba ọkọ̀ náà jẹ́, pé ó dà bí ẹni tí ó bọ́ agbádá sányán lọ́rùn ìjòyè tí ó fi bùbá àǹkárá rọ́pò rẹ̀. Àwọn kejì ní irin ni irin ń jẹ́, pé èyíkéyìí tí ó bá ti lè gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ ti tó. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣì í. Àmọ́ àṣìṣe àwọn àkọ́kọ́ kò ju ìgbéraga lọ, nígbà tí ti àwọn kejì lè gba ẹ̀mí.

Bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nílò ohun kan láàárín táyà àti ara rẹ̀ tí yóò máa gba agbára kòtò mọ́ra, kí ó má baà jẹ́ pé eegun ẹ̀yìn àwọn tí ó jókòó ni yóò máa gbà á. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irin tí wọ́n ká bí ejò ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun náà sì ni gbogbo ayé ń pè ní sípíríǹgì. Lábẹ́ àwọn jíìpù tí ọ̀rọ̀ kàn yìí, àpò rọ́bà tí ó nípọn ni wọ́n fi sí ipò irin náà. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kékeré kan tí ń lo iná bátìrì ni ó ń fọn afẹ́fẹ́ sínú àwọn àpò náà, fáàfù ń pín in, sẹ́ńsọ̀ ń wọn bí ara ọkọ̀ ṣe ga tó, kọ̀ǹpútà kan sì ń darí gbogbo wọn. Bí ènìyàn márùn-ún bá wọlé, tí wọ́n tún di àpò ìrẹsì mẹ́ta sí búùtù, ọkọ̀ náà kò ní tẹ̀ sẹ́yìn, nítorí kọ̀ǹpútà yóò fi afẹ́fẹ́ kún àpò ẹ̀yìn. Bí Range Rover bá wọ ẹrọ̀fọ̀, awakọ̀ yóò tẹ bọ́tìnì kan, ọkọ̀ yóò dìde. Bí ó bá ń sáré lórí títì tí ó dán, yóò fúnra rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ kí ó lè mú ilẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wò ó.

Rọ́bà ni ó ń pa á. Rọ́bà ń gbó, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń wa ọkọ̀ tàbí wọ́n gbé e kalẹ̀. Oòrùn, eruku àti ẹrẹ̀ a máa mú kí ó la tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ó ti ń ká sínú ara rẹ̀, ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ sì ti tó láti mú kí ọkọ̀ tí ó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ kúnlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń jò, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n ṣe láti máa ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó sì sinmi yóò máa ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró, títí tí yóò fi jóná. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ láìwá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, òkú mìíràn ni ó rà sílé.

Ọ̀tà kì í ṣe ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lè dàgbà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ni ó sọ ìlú àwọn Àwórì yìí di ohun tí ó jẹ́ lónìí, ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ náà ń ṣe, orí tírélà ni ó ń bá jáde. Láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe irin àti ike, títí dé Àgbárá tí ó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ado-Odo/Ọ̀tà kan náà, ẹrù wúwo ni gbogbo títì ń gbé láti òwúrọ̀ di òru. Tírélà máa ń tẹ ọ̀dà mọ́lẹ̀, òjò á wọ ibi tí ó là, kòtò á sì yọjú. Nígbà tí òjò bá kún inú kòtò náà, awakọ̀ kò ní mọ̀ bóyá ó jìn tó kókósẹ̀ tàbí ó dé orúnkún. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún aṣálẹ̀ àti òkè kò yẹ kí ó bẹ̀rù èyí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lókè òkun kí ó tó di tòkúnbọ̀, ó sì ti tún lo ọ̀pọ̀ ọdún níbí.

Owó náà wà ńbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí kò tó 480 náírà lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Àpò afẹ́fẹ́, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ilẹ̀ òkèèrè ni gbogbo wọn ti ń wá. Ẹni tí ó ra jíìpù rẹ̀ kí náírà tó ṣubú kò ra ìnáwó tuntun yìí mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń gbà kí wọ́n ro ẹjọ́ sípíríǹgì fún àwọn, kò sì sí ẹ̀bi nínú ìyẹn.

Àwọn tí wọ́n ń pe pípààrọ̀ náà ní ìbàjẹ́ kò bi ìtàn léèrè. Ní ọdún 1957, ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Eldorado Brougham. Owó rẹ̀ ju 13,000 dọ́là lọ, èyí tí ó jẹ́ owó ńlá nígbà náà, àpò afẹ́fẹ́ ni ó sì gbé e dúró. Àpò náà yọ àwọn olówó Amẹ́ríkà lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi sípíríǹgì onírin sí i. Nítorí náà, ohun tí mẹkáníìkì ń ṣe ní Ṣàngó lónìí, àwọn tí kòtò kò dà láàmú rárá ti ṣe é ní ohun tí ó ju ọgọ́ta ọdún lọ.

Range Rover fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1970, sípíríǹgì kíká ni ó wà lábẹ́ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Òun gan-an ni ó sọ ọ́ di olókìkí, nítorí sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, irú èyí tí ó wà lábẹ́ lọ́rì, ni Land Rover ìgbà náà ń lò, ó sì máa ń gbo ènìyàn bí ẹní ń gbo àgbo. Ìgbà tí ó di 1992 ni àpò afẹ́fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Odindi ogún ọdún ó lé ni Range Rover fi rìn káyé lórí irin kí rọ́bà tó gba ipò rẹ̀. Ti Discovery kejì, èyí tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2004, tilẹ̀ tún ya ènìyàn lẹ́nu: ilé iṣẹ́ kan náà fi àpò afẹ́fẹ́ sí ẹ̀yìn àwọn kan, ó sì fi sípíríǹgì sí ẹ̀yìn àwọn mìíràn. Lexus GX 470 àti Prado ìgbà rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, sípíríǹgì onírin ni ó sì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ Prado. Ẹni tí ó bá fi sípíríǹgì ọmọ ìyá rẹ̀ sí i kò ba nǹkan kan jẹ́. Àwọn àgbà tí wọ́n rántí Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, mọ ohun tí sípíríǹgì kíká tó dára lè ṣe lójú ọ̀nà tí kò dára. Ọkọ̀ náà kò ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀, kò sì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kì í ṣe gbogbo jíìpù tí ó kúnlẹ̀ ni àpò rẹ̀ ti kú. Nígbà mìíràn, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé afẹ́fẹ́ ni ó yọ díẹ̀ níbi tí wọ́n ti kì í bọ inú fáàfù. Nígbà mìíràn, sẹ́ńsọ̀ ni ó ń purọ́ fún kọ̀ǹpútà, tàbí rílè kan ni ó jóná. Omi ọṣẹ nínú ike ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́: kí wọ́n fọ́n ọn sí ara àpò àti ojú páìpù nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó, ibẹ̀ ni ó ti ń jò. Iṣẹ́ yìí kò gba wákàtí kan. Mẹkáníìkì tí kò bá ṣe é kí ó tó ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ dànù kò tíì yẹ aláìsàn wò tí ó fi fẹ́ gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń kó ẹrù tí ìwọ̀n rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́, tí àpò rẹ̀ sì ṣì lè ṣe é tún ṣe, yóò jàǹfààní ju bí ó bá fi afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ.

Nígbà tí ó bá wá hàn pé àtúnṣe kò mọ́gbọ́n wá mọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Sípíríǹgì kì í kàn án ṣe irin. Wọ́n fi ìwọ̀n ọkọ̀ ṣírò rẹ̀ ni: bí irin náà ti nípọn tó, iye ìgbà tí wọ́n ká a, bí ó ti fẹ̀ tó láàárín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á wá sípíríǹgì Bẹ́ljíọ́ọ̀mù kan láti Ládìípọ̀ tàbí láti ara ọkọ̀ tí ó ti kú, tí kì í ṣe ti jíìpù náà rárá. Bí ó bá gùn jù, wọ́n á gbé e fún wẹ́dà kí ó fi iná gáàsì gé e. Bí ó bá kúrú jù, wọ́n á ki rọ́bà tàbí irin sí ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ á dìde, oníbàárà á rẹ́rìn-ín, owó á bọ́ sápò.

Ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyí. Bí sípíríǹgì bá ká ní ìgbà 8, tí wọ́n sì gé ìká 2 kúrò, ohun tí ó kù kò rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó le sí i ni, ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òdìkejì rẹ̀ ni. Bí irin bá ṣe kúrú tó ni ó ṣe ń ṣòro láti tẹ̀ tó. Táyà tí ó wà lórí sípíríǹgì tí ó le jù kì í tẹ̀lé kòtò wọlẹ̀ kí ó sì jáde, ńṣe ni ó máa ń fò kúrò lórí ilẹ̀, táyà tí kò kan ilẹ̀ kò sì lè dá ọkọ̀ dúró, bíréèkì ìbáà dára bí kí ni. Èkejì ni iná náà. Iná àti òróró ni wọ́n fi kì irin sípíríǹgì láyà kí ó tó ní agbára tí ó fi ń tẹ̀ tí ó sì ń padà. Gbogbo alágbẹ̀dẹ ni ó mọ̀ pé àdá tí wọ́n bá dá padà sínú iná láìtún un kì kò ní mú mọ́. Ibi tí iná gáàsì bá ti kan sípíríǹgì ti di irin lásán, ibẹ̀ ni yóò ti kán lọ́jọ́ kan, kò sì ní yan ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kẹta, ilé iṣẹ́ ṣe ìdí sípíríǹgì kí ó lè jókòó sínú àwo rẹ̀ ṣinṣin. Ojú tí wọ́n gé kò lè jókòó bẹ́ẹ̀. Bí táyà bá rọ̀ sínú kòtò jíjìn, sípíríǹgì tí ó ti kúrú lè yọ kúrò ní ipò rẹ̀.

Kí ènìyàn wá ronú nípa jíìpù gíga, tí ó wúwo, tí ó wà lórí irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀, lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, tí awakọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ yà fún ọ̀kadà tí ó já wọlé lójijì.

Ṣọ́ọ̀kì náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun ìgbàgbé. Sípíríǹgì ni ó ń gba agbára kòtò, ṣọ́ọ̀kì ni ó ń dá ijó rẹ̀ dúró. Bí sípíríǹgì tuntun bá le, tí ṣọ́ọ̀kì sì jẹ́ ti àtijọ́ tí ó ti rẹ̀, ọkọ̀ náà yóò máa jó lẹ́yìn gálọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ìlù kò tíì dá lé lórí. Gíga pẹ̀lú ní ìwọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ kí ọkọ̀ wọn ga títí lọ, nítorí pé ó rí bí ti fíìmù. Àpò afẹ́fẹ́ kì í gbé ọkọ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nínú ẹrọ̀fọ̀. Bí wọ́n bá fi irin dè é sí ibẹ̀ títí láé, àwọn irin tí ń yí táyà yóò máa ṣiṣẹ́ ní ìgun tí wọn kò ṣe wọ́n fún, wọn kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi gbó.

Iná iwájú ni ọ̀pọ̀ kì í rò rárá. Afẹ́fẹ́ máa ń mú kí ọkọ̀ dọ́gba, irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá di jẹnẹrétọ̀ àti àpò sìmẹ́ńtì sí búùtù jíìpù tí wọ́n ti pààrọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò wọlẹ̀, iwájú rẹ̀ yóò gbójú sókè, iná rẹ̀ yóò sì wọ ojú awakọ̀ dáńfó tí ń bọ̀ láti òdìkejì lóru. Ẹni tí iná náà fọ́ lójú kò mọ nǹkan kan nípa àpò afẹ́fẹ́.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Wọ́n ti yọ àpò, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Range Rover ìgbà 1994 sí 2002 yóò máa kọ ọ́ sí dáṣíbọ́ọ̀dù pé kí awakọ̀ má sáré ju máìlì 35 ní wákàtí kan lọ. Ọ̀nà tí ó tọ́ wà láti sọ fún kọ̀ǹpútà pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, èyí tí àwọn tí ó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè ṣe. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n á yọ fíùsì, tàbí kí wọ́n fi téèpù dúdú bo ojú ibi tí ìkìlọ̀ ti ń yọ. Ojú kan náà ni àwọn ìkìlọ̀ mìíràn ń gbà yọ. Ẹni tí ó bò ó kò mọ èyí tí ó tún bò mọ́ ọn.

A kò lè di gbogbo èyí ru mẹkáníìkì nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba fíríìdọ̀mù nígbà tí Peugeot àti Datsun kún títì, tí etí àti ọwọ́ sì tó láti mọ àìsàn ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó rán wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ọkọ̀ oní-kọ̀ǹpútà dé. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n tú u kọ́. Ẹgbẹ́ wọn, NATA, ní ẹ̀ka káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ẹgbẹ́ tí ó lè fìyà jẹ ọmọ iṣẹ́ tí ó ṣìwà hù lè pàṣẹ pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má fi sípíríǹgì tí wọ́n fi iná gé sábẹ́ ọkọ̀ oníbàárà. Ó tún lè ní kí ẹni tí ó bá ṣe irú iṣẹ́ yìí kọ ọ́ sí ìwé fún oníbàárà: ọjọ́ tí ó ṣe é, irú sípíríǹgì tí ó lò, ohun tí ó yọ.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. Ní Jámánì, ẹni tí ó bá pààrọ̀ sípíríǹgì ọkọ̀ rẹ̀ sí irú mìíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ó fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn bíi TÜV gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó lè wà á lójú títì. Kò sí ẹni tí ó retí pé kí Ìpínlẹ̀ Ògùn di Jámánì lọ́la. Ṣùgbọ́n àwọn VIO tí ń fún ọkọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ lójú pópó lè bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń wo iná àti táyà. Sípíríǹgì tí wọ́n gé kò ṣe é fi pamọ́ fún ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ olówó ni èyí, pé tálákà kò ní jíìpù. Bóyá ni wọ́n mọ ẹni tí ń wà á lónìí. Jíìpù tí ó ti lo ogún ọdún lè kéré lówó sí ọkọ̀ kékeré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Oníṣòwò tí ń kó ọjà lọ sí Ìfọ̀, àlùfáà, kọ́ńtírátọ̀ kékeré, àwọn wọ̀nyí ni ó ń rà á, wọ́n sì sábà máa ń rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò sọ ohun tí wọ́n ṣe sí abẹ́ rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó gé sípíríǹgì ọkọ̀ ara rẹ̀ mọ̀ pé kí òun rọra sáré. Ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú jíìpù bẹ́ẹ̀ ní Ṣàngó tàbí níbòmíràn mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kí ó sì wo òkè àti ìdí sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan. Ojú tí ilé iṣẹ́ ṣe máa ń dán, ó sì máa ń jókòó sínú àwo rẹ̀. Ojú tí wẹ́dà gé máa ń rí ṣákaṣàka, àpá iná sì máa ń wà lára rẹ̀. Kí ó wọn gíga láti àárín táyà dé etí ara ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún àti ní ọwọ́ òsì, kí méjèèjì bára mu. Kí ó ní kí ènìyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn, kí ó tún un wọ̀n. Kí ó tan ọkọ̀, kí ó sì rí i pé gbogbo iná ìkìlọ̀ kọ́kọ́ tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù kí wọ́n tó kú, nítorí èyí tí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ni ó pa á. Bí olùtajà bá sì kọ̀ kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí jáàkì, kí oníbàárà dá owó rẹ̀ padà sápò, kí ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé.